Ta Ló Gbé Lẹ́tà Náà? Ọ̀rọ̀ lórí Ìròyìn Ọdọọdún Iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Ayé Òyìnbó

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó lórí ìwé ìròyìn yìí. Àwa ará ilẹ̀ Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ń kí yín.

Mo fẹ́ fèsì sí àpilẹ̀kọ kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí nípa iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ láyé ìjọba amúnisìn. Òǹkọ̀wé náà yin àwọn òyìnbó gidigidi pé wọ́n mọ iṣẹ́ ṣe, pé lẹ́tà kì í sọnù lọ́wọ́ wọn, àti pé ìròyìn tí wọ́n ń kọ lọ́dọọdún kún fún àkọsílẹ̀ tó gún régé. N kò bá a jiyàn pé àkọsílẹ̀ náà wà, mo ti ka púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń bá a jiyàn lé lórí ni ẹni tó yẹ kí ìyìn náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé tí ọ̀gá kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni à ń sọ. Bí a bá kà á bí ẹni pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ló kọ ọ́, a ó fi oyè jẹ ẹni tí kò tọ́ sí. Àwọn tó gbé àpò lẹ́tà láti etí odò Ọya wọ ilẹ̀ Òkun kò sí nínú ìwé náà, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan gbàgbé wọn. Ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ṣírò owó ló yọ wọ́n kúrò.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ìwé tí ó jẹ́ fún àwọn tí kò tíì rí i. Lọ́dọọdún ni gómìnà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ òkèèrè wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé pẹlẹbẹ. Nínú ìròyìn Àríwá Nàìjíríà, tí ilẹ̀ wa bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ìpín tó kan lẹ́tà àti wáyà (tẹligíráàmù) kì í gùn rárá. Ọ̀rọ̀ owó orí, ilé ẹjọ́ àti ìlera ló máa ń há a sí àárín. Wọn a sọ iye owó tó wọlé àti iye tó jáde, iye lẹ́tà àti ẹrù tó kọjá, iye máìlì tí okùn wáyà ti gùn tó, ọ́fíìsì tí wọ́n ṣí àti èyí tí wọ́n tì, ó parí. Ìwé kejì tún wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Blue Book, èyí tí wọ́n ń to ipò iṣẹ́, orúkọ ẹni tó wà nípò, ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ àti owó rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún kan wé èkejì nínú ìròyìn Àríwá ní láti ṣọ́ra, nítorí a máa ń rí èyí tí wọ́n pè ní ti 1902 tàbí ti 1903, a sì máa ń rí èyí tí wọ́n pè ní ti 1905 sí 1906, tó jẹ́ pé ọdún ìṣúná ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mo ti rí ẹni tó fi irú ìròyìn méjì bẹ́ẹ̀ wé ara wọn, tó sì sọ pé iṣẹ́ lọ sílẹ̀ lójijì, nígbà tó jẹ́ pé gígùn ọdún wọn ni kò dọ́gba.

Lọ́kọ́ja ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí gbà kàn wá. Kí ìjọba tó gba odò lọ́wọ́ wọn, Royal Niger Company, kọ́ńpánì oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ọba wọn fún ní ìwé àṣẹ ní 1886, ti ní ọ́fíìsì lẹ́tà ní Akassa, ní Burutu, ní Abutshi àti ní Lọ́kọ́ja, sítáǹpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà níbẹ̀. Ní January 1897 ni àwọn ọmọ ogun kọ́ńpánì náà gbéra ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sì wá sí Kàbà láti lé àwọn ọmọ ogun Núpé tó pàgọ́ síbẹ̀, kí wọ́n tó kọjá lọ jagun Bídà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Lọ́kọ́ja di ọ̀kan nínú ibùdó àwọn ọmọ ogun West African Frontier Force. Nígbà tí Lugard, ọ̀gá àgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá, sì ta àsíá ìjọba níbẹ̀ ní 1900, ọdún yẹn kan náà ni sítáǹpù tó ní orúkọ Northern Nigeria àti orí Ọbabìnrin Victoria jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi ètò yìí sọ́kàn: oníṣòwò ló kọ́kọ́ dé, ṣọ́jà wà pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́tà sì tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Kò sí ọdún kan nínú àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn tí wọ́n ṣí ọ̀nà lẹ́tà torí pé ará Bùnú tàbí ará Yàgbà ní ìyekan ní ọ̀nà jíjìn tó fẹ́ kọ̀wé sí.

Olú ìlú kò pẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Ó kọjá sí Jẹ́bà, ó kọjá sí Zungeru ní 1902, ó sì gúnlẹ̀ sí Kaduna níkẹyìn. Àwọn ọ̀gá bá a lọ. Ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ṣì ni ẹnu ọ̀nà lẹ́tà fún Kabba Province, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń yí láti oṣù dé oṣù, ìyẹn sì ni apá tí ìròyìn ọdọọdún kì í sọ dáadáa, nítorí pé wọ́n ti da oṣù méjèèjìlá pọ̀ mọ́ra. Ọkọ̀ òkun láti Liverpool kò lè wọ Èkó tààrà nígbà náà, nítorí òkìtì iyanrìn tó wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà. Forcados ni ẹrù Àríwá ń gbà, ó sì di Burutu. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ní kẹ̀kẹ́ ńlá lẹ́yìn tó ń gbá omi ni yóò gbé e gòkè dé Lọ́kọ́ja. Bí omi Ọya bá kún, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ títí di oṣù kẹwàá, ọkọ̀ ńlá ń kọjá láìsí wàhálà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú omi fà, tí iyanrìn yọrí, ọkọ̀ kéékèèké àti ọkọ̀ àjẹ̀ ló kù. Lórí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá: ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ń dán, nígbà tí àwọn odò fà sílẹ̀ tí a lè fi ẹsẹ̀ là wọ́n kọjá, nígbà òjò ni àwọn odò wọ̀nyí kún, tí koríko sì bo ọ̀nà. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà bá yára dé Lọ́kọ́ja ni ó máa ń pẹ́ kí ó tó dé Kàbà, nígbà tí ọ̀nà Kàbà bá sì dán ni lẹ́tà máa ń há sórí odò. Láàárín Lọ́kọ́ja àti Kàbà, ó tó nǹkan bí 80 kìlómítà ní ọ̀nà tó gba Ọbajànà lónìí, mọ́tò sì ń sáré e kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń yin ètò òyìnbó rò ó wò pé ẹsẹ̀ ènìyàn, kì í ṣe ètò kan ní Zungeru, ló dí àlàfo tó wà láàárín omi àti òkè.

Mo wá dé orí àwọn òṣìṣẹ́. Òyìnbó tó wà nínú ilé iṣẹ́ lẹ́tà àti wáyà ní Àríwá kò pọ̀, àwọn tó sì wà kì í wà níbẹ̀ pẹ́. Nígbà yẹn, òyìnbó ìjọba ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan, lẹ́yìn náà yóò lọ lífù oṣù mélòó kan ní ilẹ̀ rẹ̀. Ibà a máa gbé àwọn mìíràn lọ kí àsìkò tó pé, àwọn kan sì wà ní itẹ́ òkú òyìnbó ní Lọ́kọ́ja títí di òní. Bí ìwé bá wí pé ipò báyìí-báyìí wà fún òyìnbó, ẹ má ṣe rò pé iye ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Apá kan wà lórí omi, apá kan wà ní ilé, apá kan ń fi ọwọ́ kan mú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ta ló wá ń ṣí ọ́fíìsì láràárọ̀? Akọ̀wé aláwọ̀ dúdú ni. Òun ló ń ta sítáǹpù, òun ló ń fi òǹtẹ̀ ọjọ́ lu lẹ́tà, òun ló ń tẹ wáyà, òun ló ń kọ mọní-ọ́dà, òun náà ló sì ń kó ìṣirò jọ ní òpin oṣù, èyí tí ọ̀gá yóò fi kọ ìròyìn ọdún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé wọ̀nyí. Iléèwé kò tíì pọ̀ ní Àríwá, nítorí náà ìjọba ń kó akọ̀wé wá láti Èkó, láti Freetown àti láti etíkun Gold Coast (Ghana lónìí), àwọn tó ti jáde ní iléèwé àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn wọ̀nyí ni mọní-ọ́dà wúlò fún jù, nítorí ìyá wà nílé, ìyàwó wà nílé, owó sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ìròyìn ọdún kan bá fi yangàn pé owó mọní-ọ́dà gòkè, kò túmọ̀ sí pé ará ìlú ti kọ́ bí a ti ń fi owó ránṣẹ́ ní pósófíìsì. Ó lè jẹ́ pé akọ̀wé àlejò ló pọ̀ sí i.

Lábẹ́ akọ̀wé ni àwọn mẹ́sẹ́ńjà, àwọn tó ń tún òpó wáyà ṣe àti àwọn tó ń pín lẹ́tà. Wọ́n máa ń wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí iye ni, láìsí orúkọ. Lábẹ́ àwọn wọ̀nyí ni agbélẹ́tà wà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbé àpò láti ibùdó kan dé èkejì, àti àwọn ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí omi. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ sí. Ìṣúná ìjọba amúnisìn pín owó ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni owó oṣù àwọn tó wà nípò, ọ̀nà kejì ni ìnáwó mìíràn gbogbo. Ẹni tó wà ní ọ̀nà kìíní jẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní ipò, ó ní ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́, ó lè ní owó ìfẹ̀yìntì. Ní ọ̀nà kejì ni a ti ń rí epo àtùpà, okùn, àpò, àtúnṣe ilé, àti owó gbígbé lẹ́tà. Bí ọkùnrin kan bá ń gbé àpò láti Lọ́kọ́ja fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó bá jẹ́ pé owó gbígbé lẹ́tà ni wọ́n fi ń sanwó fún un, kò sí nínú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ rárá. Ẹ̀gbẹ́ epo àtùpà ló wà. Ẹni tó bá wá ṣí ìwé ọdún náà lónìí, tó ka iye òṣìṣẹ́, tó sì kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ pé àwọn díẹ̀ báyìí ni wọ́n gbé lẹ́tà gbogbo Àríwá, ti ṣe ohun tí ìṣúná náà fẹ́ kí ó ṣe.

Owó náà wà níbẹ̀ ṣá o. Ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò lè fi iye tí wọ́n ná lórí gbígbé lẹ́tà wé iye tí wọ́n ná lórí owó oṣù, kí ó sì fi òye gbé e pé àwọn ènìyàn kan wà lẹ́yìn owó yẹn. Àmọ́ orúkọ wọn kò lè ti ibẹ̀ jáde láéláé.

Òǹkọ̀wé yín sọ pé lẹ́tà kì í sọnù. Mo gbà pé kì í sábàá sọnù, ìdí rẹ̀ sì wà. Wọ́n máa ń di ẹnu àpò, wọn a fi èdìdì lù ú, wọn a sì fi ìwé kan sínú rẹ̀ tó ń sọ iye lẹ́tà rẹ́jísítà tó wà níbẹ̀. Ẹni tó gbà á yóò fọwọ́ sí i, ẹni tó bá gbé e fún ẹlòmíràn yóò gba ìfọwọ́sí tirẹ̀ kí ó má bàa di pé ọ̀rọ̀ já sí i lọ́rùn. Bí nǹkan bá sọnù, ẹni tó fọwọ́ sí i kẹ́yìn ni wọ́n ń bi. Ètò tó dára ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù lónìí ṣì ń lo irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn akọ̀wé àti agbélẹ́tà ni àjàgà rẹ̀ wà. Ìbẹ̀rù pé a ó gba owó náà lọ́wọ́ ẹni, tàbí pé a ó lé ni kúrò níṣẹ́, ló jẹ́ kí àpò dé pẹ̀lú èdìdì rẹ̀ tó ṣì wà digbí. Ọ̀gá tó kọ ìròyìn kò rí àpò náà lójú ọ̀nà.

Ní ti iye lẹ́tà tí òǹkọ̀wé náà tò kalẹ̀, mo rọ àwọn òǹkàwé kí wọ́n má ṣe gbà á bí ẹni ń ka owó lórí tábìlì. Ó jẹ́ àṣà nínú iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n ka ohun tó kọjá láàárín àkókò díẹ̀, kí wọ́n sì fi ìyẹn díwọ̀n gbogbo ọdún. Owó sítáǹpù náà kò ṣeé fi díwọ̀n lẹ́tà pátápátá, nítorí ohun tí wọ́n kọ sára sítáǹpù Northern Nigeria ni pé ó wà fún lẹ́tà àti fún owó ìjọba mìíràn. Sítáǹpù kan náà tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà ni ẹ lè lẹ̀ mọ́ ìwé àdéhùn tàbí rìsíìtì. Àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ní ilẹ̀ òyìnbó náà sì ń rà á láìní lẹ́tà kankan láti fi ránṣẹ́. Ní ọwọ́ kejì, lẹ́tà ìjọba fúnra rẹ̀, tí wọ́n kọ iṣẹ́ ọba sí lórí, ń rìn láìsan kọ́bọ̀. Àpò tí ará wa rù lè kún dẹ́nu fún ìwé Rẹ́sídẹ́ǹtì, òyìnbó tó ń ṣàkóso ẹkùn, àti ti àwọn ajẹ́lẹ̀, kí ó má sì mú nǹkan wọlé rárá nínú ìṣirò, tí ìròyìn ọdún yóò sì wí pé ilé iṣẹ́ lẹ́tà ń jẹ gbèsè.

Ní 1914, nígbà tí wọ́n da Àríwá àti Gúúsù pọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú di ọ̀kan, sítáǹpù àkọ́kọ́ tó ní orúkọ Nigeria sì jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà. Fún ẹni tó ń wá ìtàn apá ọ̀dọ̀ wa, àdánù ni. Ṣáájú ọdún yẹn, Àríwá nìkan ni ìròyìn náà ń sọ, a sì lè rí Lọ́kọ́ja dáadáa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n kó sí ojú ìwé díẹ̀; Èkó, Ìbàdàn àti Kánò gba àyè, Kabba Province sì pòórá sínú àpapọ̀. Ojú irin kò ràn wá lọ́wọ́. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìlọrin kọjá, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Bí ó ti ń tẹ̀ síwájú ni lẹ́tà Àríwá ń kúrò lórí odò bọ́ sórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pàtàkì Lọ́kọ́ja ń dín kù. Láàárín wa níbí, ẹsẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, kí lọ́rì tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà dé Kánò ní 1936, lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù sí Nàìjíríà wá yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Apá ìkẹyìn ìrìn rẹ̀, láti ibùdó ọkọ̀ dé abúlé, kò yí padà.

Ọdún 1936 yẹn kan náà ni ìjọba tẹ sítáǹpù tuntun tó ní àwòrán iṣẹ́ àti ilẹ̀ Nàìjíríà: èbúté Apápá, kòkó, igi gẹdú, màlúù Fúlàní, odò Ọya ní Jẹ́bà. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n yà sórí èyí tó jẹ́ pọ́n-ùn kan, tó wọ́n jù lọ nínú gbogbo wọn. Ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ ni ará ìlú ń rà. Ta ni yóò lẹ odidi pọ́n-ùn mọ́ lẹ́tà? Mo kàn rí i pé ibi tí ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ ti rí àyè nínú iṣẹ́ lẹ́tà ni ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní rówó rà á.

Abúlé àti ìlú kéékèèké kò ní pósófíìsì tó pé. Aṣojú ni wọ́n ń ní, tó lè jẹ́ tíṣà, oníṣọ́ọ̀bù tàbí òṣìṣẹ́ N.A. (ìjọba ìbílẹ̀), tó ń ta sítáǹpù díẹ̀, tó ń gba àpò, tó ń ké sí ènìyàn wá gba lẹ́tà, tí wọ́n sì ń fún ní owó táṣẹ́rẹ́ fún un. Òun náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ nínú ìwé. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ sọ ọ̀nà lẹ́tà di ohun tí ó ṣe pàtàkì ní apá Yàgbà: Tommy Titcombe ti ìjọ SIM (Sudan Interior Mission) dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, olú ilé iṣẹ́ ìjọ náà sì wà ní Toronto nígbà náà, nítorí náà ìwé gbọ́dọ̀ lọ, ìwé gbọ́dọ̀ bọ̀. Iléèwé tí àwọn SIM, CMS (ìjọ Áńgílíkà) àti Kátólíìkì dá sílẹ̀ ló wá yí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ padà. Láàárín ìran kan, ọmọ Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í di akọ̀wé, wọ́n sì ń gbé wọn kiri gbogbo Àríwá, ní Kaduna, Jọ́ọ̀sì, Mínnà, Kánò, nínú P&T (ilé iṣẹ́ ìjọba fún lẹ́tà àti wáyà) àti nínú reluwé. Ìyẹn ni ìgbà tí lẹ́tà di ti ará ilé wa ní tòótọ́, nítorí ọmọ wà lẹ́yìn odi, bàbá tí kò mọ̀wé sì ń wá ẹni tí yóò ka lẹ́tà fún un tàbí ẹni tí yóò bá a kọ ọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò dákẹ́ láéláé bí ìwé ọdún ti mú un dà bí ẹni pé wọ́n dákẹ́. Ní August 1912 ni àwọn akọ̀wé ìjọba ní Èkó ti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gúúsù Nàìjíríà sílẹ̀. Ní June 1945, nígbà tí ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n tí owó iṣẹ́ sì wà lójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé, ti P&T àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní láti gbé ìgbìmọ̀ Tudor Davies dìde láti wo ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ wọn. Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ìdáhùn tó yè kooro sí ìbéèrè pé ta ló ń gbé lẹ́tà: nígbà tí akọ̀wé kò tẹ wáyà mọ́, kò sí ọ̀gá kan tó lè fi ìròyìn ọdún tẹ̀ ẹ́.

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n pín P&T ní 1985, NIPOST mú lẹ́tà, NITEL mú tẹlifóònù, fóònù alágbèéká sì gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, Olóòtú, kò ṣòro. Àwọn ìwé ìjọba lè sọ fún wa bí owó ṣe rìn, wọ́n sì wà ní àrọ́wọ́tó: púpọ̀ nínú ìròyìn ọdọọdún náà ni yunifásítì kan ní Illinois ní Amẹ́ríkà ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, fáìlì ìjọba Kabba Province sì wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìtàn Orílẹ̀-èdè ní Kaduna, lábẹ́ orúkọ LOKOPROF. Mo rọ àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì kí wọ́n ka èyí tó jẹ́ ti Rẹ́sídẹ́ǹtì kí wọ́n tó ka ti gómìnà, nítorí bí ìwé bá ti ń súnmọ́ ojú ọ̀nà ni ẹsẹ̀ ènìyàn ń hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn agbélẹ́tà, ti àwọn aṣojú abúlé àti ti akọ̀wé kéékèèké, inú àpótí àwọn ìdílé wa nìkan ló kù sí, ikán sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, fún oṣù mélòó kan, kí àwọn ìdílé láti Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, Mọ̀pà, Ọ̀wọ́rọ̀ àti Lọ́kọ́ja lè kọ orúkọ baba tàbí baba ńlá wọn tó ṣiṣẹ́ lẹ́tà ránṣẹ́. Kí wọ́n kọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí wọ́n gbé e lọ lẹ́yìn náà, irú iṣẹ́ tó ṣe, àti bóyá oṣù ni wọ́n ń san fún un ni tàbí ọjọ́, nítorí ìyẹn ni yóò jẹ́ kí a mọ ẹni tí ìwé ìjọba kà àti ẹni tí kò kà. Bí ẹnì kan bá ní ìwé ìgbàsíṣẹ́, ìwé tíránsífà, ìwé owó ìfẹ̀yìntì tàbí bátánì aṣọ iṣẹ́, kí ó ya àwòrán rẹ̀ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má ṣe fi ojúlówó ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Àwòrán tó, kí ojúlówó rẹ̀ wà nílé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Tíṣà fẹ̀yìntì kan,
Kàbà.